Ṣọ́ọ̀kù Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Bàbá

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Akọ̀wé,

Mo kí ọ. Mi ò ní bèèrè bóyá ara rẹ le, torí ẹni tí kò rántí ilé láti ìgbà tí òjò ti dá, ara ẹ̀ á le dáadáa ni. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo ti kí ọ.

Mo ṣì ń pè ọ́ ní Akọ̀wé, torí iṣẹ́ akọ̀wé ni mo rán ọ lọ kọ́ lókè òkun. Pé o débẹ̀ tán tí o wá lọ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ olọ́kọ̀, tí o di mẹkáníìkì, ìyẹn wà láàárín ìwọ àti orí rẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ nìyẹn, jẹ́ kó wúlò fún wa lẹ́ẹ̀kan.

Ṣọ́ọ̀kù ọkọ̀ wa ti kú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. O mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀pá ìdí táyà tó yẹ kó máa gbà á mọ́ra tí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Wọn ò gba nǹkan kan mọ́ra mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló sì jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i ní eegun ìbàdí, dókítà ní ó gbọ́dọ̀ máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n máa bá a na ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n máa bá a ká a. Ó ní tí ẹsẹ̀ náà bá fi lè gan báyìí, ó gan náà nìyẹn, kò tún ní rìn dáadáa mọ́ láyé. Ojú ọ̀nà tó sì lọ láti ilé wa dé ilé ìwòsàn, kòtò ibẹ̀ ti ju ọ̀dà lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e, igbe ni. Yéè! Yéè! Àwọn ará àdúgbò á máa wò mí bíi pé mò ń jí èèyàn gbé. Ó wá ní òun ò lọ mọ́. Ó ti jókòó sílé.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wa bọ́ọ̀sì. Mo gbé aláboyún, mo gbé arúgbó, mo gbé aláìsàn. Kò sẹ́ni tó ké lẹ́yìn mi rí. Ìyàwó tí mo fẹ́ sílé ló wá ń ké.

Fi ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin ránṣẹ́. Ojúlówó ni kí o rà. Má fi ọjà òkú ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ ni. Mò ń retí, mi ò bẹ̀bẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíríìsì ló kún orúnkún mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi.

Ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà yín ti bá mi. Mo kà á tán, mo tún un kà, torí mo rò pé ojú ló ń tàn mí. Ṣé ẹ ò lè kọ ìlà márùn-ún kí ẹ má bú mi ni? Mo ṣe iṣẹ́ akọ̀wé yẹn o. Wọ́n fún mi ní tábìlì nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, mo jókòó síbẹ̀ títí mo fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì ni mí báyìí, ọwọ́ mi dọ̀tí, inú mi mọ́. Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ló wá dé tó fi di èèwọ̀?

Ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin ti wà nínú ẹrù tó ń bọ̀ lórí omi. Tuntun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ nínú ọgbà fúnra yín, ẹ ti kúrò lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́, torí náà n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tílẹ̀ ti tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ gbé igi tó nípọn sábẹ́ ọkọ̀. Kí ẹ tó de èyí tuntun, ẹ gbé e dúró, ẹ fà á gùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé léraléra kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ má fún un le nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ná, kí ẹ tó fún un.

Kí ẹrù náà tó dé, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa gbé Màámi. Ṣebí ọkọ àbúrò mi wà níbẹ̀, tíṣà tí kì í ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ Sátidé. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ gba takisí. Ẹsẹ̀ Màámi ò lè dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ yín, mẹkáníìkì.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Akọ̀wé,

Mo kí ọ kíkí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Takisí! Kí ìyàwó dírẹ́bà jókòó sẹ́yìn takisí, kí gbogbo ayé máa wò! Ti tíṣà ńkọ́? Ìgbà tí mo jẹ́ kó gbé ọkọ̀ mi kẹ́yìn, ó ń fa jíà bí ẹni ń fa ilẹ̀kùn tó há. Kò sẹ́ni tó máa fi ọkọ̀ mi gbé ìyàwó mi níṣojú mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tún un sọ.

Ẹrù rẹ dé. Mi ò gbé e fún mẹkáníìkì kankan. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo fi igi sí i (mo ti ń fi igi sí i kí wọ́n tó bí ọ), mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo wọ abẹ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ti dípẹtà. Mo fi sípánà bọ̀ ọ́, ó kọ̀. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì, ó tún kọ̀. Mo bú u, mo bú ẹni tó ṣe é, mo fi páìpù gùn sípánà lọ́wọ́ kó lè lágbára, ó tú. Ìyá rẹ jókòó lójú fèrèsé, ó ń na sípánà sí mi, ó sì ń sọ pé, “Baálé mi, ẹ rọra.” Àwọn ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ yẹn, tí o bá tẹ̀ wọ́n wọlé, wọn kì í jáde mọ́. Epo ti jò tán nínú wọn.

Méjì ni mo dè. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá rẹ ń jókòó sí, nítorí náà mo de ti iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn ọ̀tún. Apá ọ̀dọ̀ mi, mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Èmi ò ráhùn, kí ni mo fẹ́ fi tuntun ṣe? Méjì tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wé wọn sínú aṣọ. Tí tìyá rẹ bá gbó, a ó lo ìyẹn.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti lọ. Mo múra, mo fi ìrọ̀rí sí ìjókòó ẹ̀. Akọ̀wé, igbe kan náà ni! Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ń yà bàrá, ìyá rẹ ń ké. Ìgbà tí a máa fi délé, ọwọ́ ẹ̀ ti wú níbi tó ti di ilẹ̀kùn mú. Ó tún ní òun ò lọ mọ́.

Ayédèrú lo rà. Ọjà tí àwọn ibẹ̀ ò fẹ́ mọ́ lo kó sórí omi wá fún ìyá tó bí ọ. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìbínú. Èmi náà ń bínú, ká jọ máa bá a lọ.

Ẹ wé ṣọ́ọ̀kù sínú aṣọ bí ọmọ tuntun, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Mo túmọ̀ lẹ́tà yín fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dè é sí? Iwájú méjèèjì ni wọ́n ń pààrọ̀ pa pọ̀, ẹ̀yìn méjèèjì pa pọ̀. Bí ẹni wọ bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ kan tó wọ sálúbàtà jíjá lẹ́sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ yín ṣe ń rìn. Abájọ tó fi ń yà bàrá. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ó máa fà yín lọ síbi tí ẹ ò fọkàn sí.

Ẹ má pè é ní ayédèrú mọ́. Irú ẹ̀ gan-an ni mò ń dè sí ọkọ̀ àwọn èèyàn láràárọ̀. Ọwọ́ yín ni kí ẹ wò.

Ẹ mú méjì tó kù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lónìí. Tí ẹ bá dè wọ́n tán, ẹ fi gbogbo ara tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Tó bá gòkè tó sì dúró jẹ́ẹ́, iṣẹ́ ti dáa. Tó bá ń fì sókè sódò, ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ ṣe bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé Màámi jáde, kí ẹ wá sọ fún mi bó ṣe ń ṣe wọ́n gan-an. Ṣé kòtò ńlá ni wọ́n ń ké sí ni àbí kékeré? Ṣé iwájú ló ń gbá wọn ni àbí ẹ̀yìn? Ìgbà wo ni igbe náà ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ fiyè sí i, ẹ má kàn máa bú èèyàn.

Ẹ sì gbọ́ o, ọ̀sẹ̀ mélòó ni Màámi ti pàdánù báyìí? Ẹsẹ̀ èèyàn kì í ṣe táyà tí a lè pààrọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Ọ̀gá mẹkáníìkì,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ̀gá rẹ tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Sọ fún un pé mo wa bọ́ọ̀sì gba ibi tí òun ò lè fẹsẹ̀ rìn.

Mo ti de méjì tó kù. Kì í ṣe torí pé o bú mi, torí kí o má baà rí àwáwí ni. Mo tẹ imú ọkọ̀, ó lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó dúró jẹ́ẹ́. Mo tẹ ìdí ẹ̀, bákan náà. Mo pe tíṣà kó wá tẹ̀ ẹ́, torí n ò fẹ́ kí o sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Bàbá, ó dáa.” Nítorí náà ọwọ́ mi ò bà á jẹ́. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá rẹ tún gbà láti bá mi jáde. O ní kí n fiyè sí ìgbà tó ń ké. Mo fiyè sí i. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, inú sì bí mi. Ká tó wọ kòtò ló ń ké! Nígbà tílẹ̀ ṣì tẹ́jú, tí ohunkóhun ò tíì ṣẹlẹ̀, á ti ké. Ká wá já sínú ẹ̀ tán, gbàgà, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn di ilẹ̀kùn mú, á máa mí. Ìwọ gbọ́ ná, ṣé ìrora nìyẹn? Ọ̀tẹ̀ ni. Ó kàn fẹ́ kó dà bíi pé n ò mọ ọkọ̀ wà mọ́ ni.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ó ké, ó tún gbá mi lọ́wọ́ lórí sítíárìn, ọkọ̀ yà, ó kù díẹ̀ ká bọ́ sí gọ́tà. Ó ní ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke kọjá. Ọmọlanke wo? Mi ò rí ọmọlanke kankan. Ó di ìgbà tí ọkùnrin náà wá dúró sójú fèrèsé mi tó ń bú mi kí n tó rí i, mo ní, “Ibo lo gbà yọ?” Ó ní ṣé orí mi pé.

Ṣọ́ọ̀kù iwájú ọ̀tún rẹ sì ti ń jò. Ọ̀pá ẹ̀ ti tẹ̀. O ò rí i pé ayédèrú ni?

Ìyá rẹ ní láéláé, òun ò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Mo ní kó jókòó síbẹ̀ nígbà náà kí ẹsẹ̀ ẹ̀ gan. Ó ní ó dáa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo dìde dúró ka lẹ́tà yín, n ò sì tíì lè jókòó.

Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọkọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ ẹ́, ó dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù tuntun kì í tẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi eré ju ọkọ̀ sí kòtò, dírẹ́bà tó bá sì rí kòtò, á dẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ò dẹsẹ̀ sílẹ̀ torí pé ẹ ò rí i. Ẹni tí nǹkan ń dùn, ìgbà tó bá dùn ún ló ń ké. Màámi ń ké kí ẹ tó débẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń ké fún, Bàbá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń ké fún. Wọ́n ń fi igbe sọ fún yín pé kòtò wà níwájú, èèyàn wà níwájú.

Ojú yín ti lọ. Odidi ọkùnrin pẹ̀lú ọmọlanke ẹ̀, lójú ọ̀sán, ẹ ò rí i!

Mo ti fi oṣù mẹ́rin fẹ̀sùn kan sípánà, mo fẹ̀sùn kan nọ́ọ̀tì, ẹ̀yin fẹ̀sùn kàn mí, ẹ wá fẹ̀sùn kan Màámi. Ó tó. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn fún tíṣà. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Tí ẹ bá tún jókòó sídìí sítíárìn tí ẹ gbé ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa pa wọ́n, n ò sì ní dárí jì yín láyé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N ò rí èsì. Mo ti ṣírò ọjọ́, lẹ́tà mi á ti dé ọ̀dọ̀ yín tipẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ fà á ya.

Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ẹ kàn kọ nǹkan. Ṣé Màámi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ wọn? Ta ló ń gbé wọn? Ìyẹn nìkan ni mò ń bèèrè. Lẹ́nu iṣẹ́, tí mo bá ti ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó ń gòkè, ẹ̀yin ni mò ń rí. Mo ti de nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ẹnì kan lódì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gá mi sì ti lọgun mọ́ mi.

Ẹ fèsì.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì gbàdúrà fún ọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí ọ rárá, n ò ní fi pamọ́.

Ta ló bẹ̀ ọ́? Bàbá rẹ gbé lẹ́tà náà súnmọ́ ojú ní ẹnu ọ̀nà, ó kà á, ó pẹ́ kó tó parí ẹ̀. Ó wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì. Láràárọ̀ ó ń fọ ọkọ̀ yẹn. Á fọ̀ ọ́ tán, á wọlé sínú ẹ̀, á jókòó, á di sítíárìn mú. Kò ní tan án. Tó bá ṣe, á jáde wá jẹun. Ọkùnrin tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ yẹn, ariwo ẹ̀ ń wù mí gbọ́ báyìí.

O rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i? Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ni mo ti mọ̀. Ó kí òpó iná tó wà níwájú ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní “ẹ káàárọ̀ o,” ó wọlé wá bínú pé aládùúgbò wa ò dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀, mo lọ sí ilé ìdáná lọ sunkún. Dírẹ́bà ni. Kí ló kù tó fẹ́ máa jẹ́ tí kò bá jẹ́ dírẹ́bà? Mo wá wò ó pé tí mo bá ń ké bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, á máa dẹsẹ̀ sílẹ̀, ojú ò sì ní tì í. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọmọlanke ṣẹlẹ̀, mo mọ̀ pé igbe mi ò tó mọ́. Mo ní kí n kúkú jókòó sílé pátápátá. Tí n ò bá lọ síbì kankan, kò ní gbé ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni. Mo ti fi rìn tó, mo fi tọ́ yín dàgbà, ó lè sinmi.

Ìwọ tó jókòó sọ́nà jíjìn wá kọ̀wé, o tú ọkọ mi sí ìhòòhò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má kọ irú lẹ́tà yẹn sílé yìí mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ o. Mo kúnlẹ̀ kí yín ni, n ò kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ kí n máa wá ṣọ́ọ̀kù kiri! Ẹ jẹ́ kí Bàbá fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ jókòó lójú fèrèsé, ẹ ń na sípánà sí wọn, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀kù! Ẹ jẹ́ kí èmi àti bàbá mi máa já ara wa jẹ láti ìgbà òtútù títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin ni mo bínú sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá ò rí i, ẹ̀yin rí i.

Ẹ ní ẹsẹ̀ yín ni. Rárá o. Tó bá gan tán, ta ló máa gbé yín dìde lórí bẹ́ẹ̀dì? Bàbá tí kò ríran? Kí wọ́n gbé yín kọlu ilẹ̀kùn? Ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín bo ìtìjú wọn, ẹ ò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ bàbá mi. Wọ́n á bú mi títí wọ́n á fi kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ pé nítorí tiwọn ni ẹ ṣe ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gan, wọn ò ní lè jẹun.

Mo fẹ́ràn yín débi pé orí ń fọ́ mi. Ẹ ka lẹ́tà yìí sókè fún Bàbá. Gbogbo ẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje

Akọ̀wé,

Mo kí ọ.

Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ fún mi. Ó ń fo àwọn ibì kan, mo mọ̀ torí ohùn ẹ̀ ń já. Mo ní kó padà síbẹ̀. Ó padà.

Mi ò dárí jì ọ́. Ò bá fi ẹnu tó dáa sọ ọ́. Bàbá rẹ ni mí, n kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n gbé wọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún tíṣà ní Sátidé. Ìyá rẹ jókòó síwájú, níbi tó máa ń jókòó sí. Èmi jókòó sẹ́yìn. Mi ò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ara mi rí, n ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹsẹ̀ sí. Tíṣà ò mọ ọkọ̀ wà, mo ti sọ fún ọ. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló kó sí, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó máa ba ṣọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn jẹ́, nítorí náà fi ti iwájú ránṣẹ́, méjèèjì.

Ní ilé ìwòsàn wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, wọ́n fẹ́ ká a, kò ká dé ibi tó yẹ. Obìnrin tó ń bá a ṣe é wò mí, ó ní a ti pẹ́ jù. Ó ní ó máa rìn, pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ò ní padà sí bó ṣe wà. Ó ní tó bá jẹ́ pé a wá ní oṣù kìíní ni. Mo ní mo gbọ́. Ó tún ní ibi tí wọ́n ti ń wo ojú wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí n gòkè lọ. Mi ò gòkè lọ lọ́jọ́ yẹn. Má bi mí nípa ìyẹn.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀, tíṣà tún kó wa sí kòtò ńlá kan, orí mi kan òkè ọkọ̀. Mo rántí pé ìyá rẹ ò ké. Ní àlọ, kò ké. Ní àbọ̀, kò ké. Mo na ọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn, mo ní, “Ṣé kò dùn ọ́ mọ́ ni?”

Ó ní, “Ó ń dùn mí gan-an.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o ò ké?”

Ó ní, “Tíṣà rí kòtò náà, ó kàn ń wọ̀ ọ́ ni. Kí ni n ó máa ké fún?”



Bàbá rẹ.